Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Dá Àjọ Ìsinmi

Lóṣù yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́ tàbí owó ẹ̀yáwó ni a fẹ́ bá yín sọ lójú ewé yìí. Ọ̀rọ̀ ara tí a fi ń wá owó náà ni. Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, gbogbo wa la sì ń pa á. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí a ti ń lo ara wa láti ìdájí títí di òru, ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn là ń pa òwe náà fún.

Ohun tó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ọ̀kan nínú wa, oníṣòwò aṣọ ní àdúgbò Ọjà Ọba, wá sí ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀ kan. A kò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí a sọ ìtàn náà kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé onígbọ̀wọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó ti mú bíírò, bíírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún mú un, ó tún bọ́. A bú sẹ́rìn-ín, a ní, “Alhaji, ṣé ẹ ò fẹ́ gbọ̀wọ́ mọ́ ni?” Kó tó dá wa lóhùn, ẹnu rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere mọ́. Ìgbà yẹn lẹ̀rín kúrò lẹ́nu wa. A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì fà á. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn, ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń wọn aṣọ kò sì tíì padà bọ̀ sípò.

Nígbà tí a lọ kí wọn nílé, ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa pé, “Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọn ò ti sùn dáadáa. Wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á tún dìde lọ ka ìwé ọjà.” Ẹrù tó ń bọ̀ láti Kánò ló há sọ́nà. Òòró ló ń jẹun ọ̀sán, obì ló fi ń lé oorun, abẹ́ ìrọ̀rí ni fóònù rẹ̀ ń sùn. Ó jẹ ẹgbẹ́ wa lówó oṣù méjì pẹ̀lú, àwa ìgbìmọ̀ sì ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, nígbà tó yẹ kó ti máa sinmi. Kò sọ fún wa pé ẹrù òun há, àwa náà kò sì bi í. A kò lè ní ìránṣẹ́ wa ló fa àìsàn náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru a máa pẹ́ lára kó tó fojú hàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: a bá wọn di kún ẹrù tó wà lórí rẹ̀.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ARA?

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ń sọdá títì, ọkọ̀ kan sì fọn fèrè lójijì lẹ́yìn yín. Àyà yín á já. Ọkàn á máa lù kìkìkì, iṣan á le, mímí á yára, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á ga, ara á sì tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ lè rí agbára sá. Bí Ọlọ́run ti dá ara nìyẹn, ó sì dá a bẹ́ẹ̀ fún ààbò wa. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, kò ní pẹ́ tí ara á fi rọ̀.

Ṣùgbọ́n gbèsè kì í kọjá bí ọkọ̀. Ọjà tó ń wọ́n sí i lójoojúmọ́, oníbàárà tó rà láwìn tí kò yọjú mọ́, owó ilé ìwé àwọn ọmọ, gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n ń fọn fèrè lẹ́yìn ẹni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ara kò sì mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀. Ó ṣáà múra àtisá ni. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, oorun á dá, orí á máa fọ́ni, ọrùn àti èjìká á le, oúnjẹ kò ní dà dáadáa, èèyàn á máa kanra mọ́ ọmọ àti aya láìnídìí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tirẹ̀ á tún burú sí i.

Iṣẹ́ àṣejù pàápàá ní ìyà tirẹ̀. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 pọ̀ fún un ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu pé kí àrùn ọkàn pa á náà fi ìdá 17 nínú 100 pọ̀ sí i. Wọ́n ṣírò pé ní ọdún 2016 nìkan, nǹkan bí 745,000 èèyàn ni irú iṣẹ́ àṣejù bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí wọn káàkiri ayé. Ó yá, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá wa ṣírò tiyín. Ẹni tó ń ṣí ìsọ̀ ní agogo 7 àárọ̀, tó ń tì í ní agogo 7 alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, wákàtí 72 ló ṣe yẹn. A ò tíì ka ìwé owó tó ń kọ nílé mọ́ ọn o!

ÌSINMI KÌ Í ṢE ÌMẸ́LẸ́

Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé ọ̀lẹ kò níyì, òótọ́ sì ni. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń ti ọ̀pọ̀ nínú wa láti jókòó lásán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta: bí onílọta bá lò ó láti àárọ̀ láìpa á, ó mọ̀ pé yóò jóná. Ṣé ẹran ara wá le ju irin lọ ni?

Àwọn mìíràn ní, “Bí mo bá lówó tán, màá sinmi.” Èyí dà bí ẹni tó ní bí òun bá dolówó tán ni òun yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù. A kì í dá àjọ ọdún kan lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ là ń dá a, a kì í sì í pa ọjọ́ jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsinmi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ ṣàǹfààní ju kí a sáré lọ́dún yípo, kí a wá fi ọjọ́ Iléyá nìkan sùn. Bí a ti ń kọ́ òwò náà la sì ń kọ́ ìsinmi. Ẹni tí ara rẹ̀ ti le fún ọdún púpọ̀, bó dùbúlẹ̀ pàápàá, ara rẹ̀ kì í mọ bí a ti ń rọ̀.

BÍ A TI Ń KỌ́ Ọ

Èkíní ni mímí. Ẹ jókòó, ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn. Ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ sínú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ka ení títí dé ẹẹ́rin, kí ẹ rí i pé ikùn ló ń gbé ọwọ́ yín sókè. Ẹ rọra tú u jáde, kí ẹ kà dé ẹẹ́fà. Bí ẹ bá ṣe èyí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ó rí i pé ọkàn yín ń rọ̀. Ẹ lè ṣe é nínú ìsọ̀ láìjẹ́ pé oníbàárà fura.

Èkejì ni ti iṣan ara. Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Edmund Jacobson, gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1929. Ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ẹ di ìkúùkù kí ó le dáadáa, ẹ ka ení dé eéje, kí ẹ wá tú u sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹsẹ̀, itan, ikùn, èjìká, títí dé ojú. Ìgbà tí a bá tú u sílẹ̀ la máa ń mọ̀ pé ó ti le tẹ́lẹ̀. Kí ẹni tí ibì kan bá ń dùn má fi ipá mú ibẹ̀ o.

Ẹ̀kẹta ni ti ọkàn. Herbert Benson, dókítà ọkàn ní Yunifásítì Harvard, kọ̀wé lé e lórí ní 1975. Ó ní kí èèyàn jókòó síbi tó dákẹ́, kó máa tún ọ̀rọ̀ kan sọ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Bí èrò mìíràn bá wọlé, kó má bá a jà, kó rọra padà sórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ọ̀rọ̀ inú ẹ̀sìn ẹni náà dára fún un. Ní Ìlọrin wa yìí, ta ni kò mọ tẹ̀sùbáà? Ìrun àti àdúrà, ti Ọlọ́run ni, kì í ṣe eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ojú kan wo ìsọ̀ nígbà tó wà lórí ìrun, tó ti dìde kó tó sàlámà tán, ó ti fi ìtura tí Ọlọ́run gbé sínú rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé oorun. Ó kéré tán, àgbàlagbà nílò wákàtí méje lóru. Ẹ pa ìwé owó dé kó tó di ìrun Ìṣáì, ẹ gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn, ẹ sì dín obì àti kọfí kù bí ọjọ́ bá ti rọ̀. Ẹ ta ayò lábẹ́ igi, ẹ rìn lọ kí ará àti ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ìnáwó tí a yá owó ra aṣọ ẹbí fún, ìyẹn kì í ṣe ìsinmi o, ẹrù mìíràn ni.

ẸNI TÓ DÁKẸ́

Àwọn àgbà ní ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìsinmi kan wà tí mímí àti oorun kò lè fúnni, àfi kí a sọ ohun tó wà nínú wa fún èèyàn. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Dípò kí wọ́n máa ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú mọ́lé, inú abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn kan. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣe. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí, Lambo sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwa tí ara wa dá ni pé àárín èèyàn ni ọkàn ti ń balẹ̀.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti pinnu nǹkan mẹ́ta. A kò ní ránṣẹ́ owó sí ọmọ ẹgbẹ́ kankan mọ́ lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì. Ìpàdé wa yóò máa parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnikẹ́ni tí ọjà rẹ̀ bá há, kó wá rí wa kí ọjọ́ sísan owó tó pé, kí a jọ wo bí a ó ti fà á gùn. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ìsinmi kò rọ́pò oògùn. Kí ẹnikẹ́ni má ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù nítorí ohun tó kà níbí. Ẹ máa yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bó bá ń tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹnu ẹnìkan bá sì yí lójijì, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀! Ẹ má dúró fi òróró wọ́ ọ, ẹ má sì rẹ́rìn-ín bí àwa ti ṣe.

Nígbà tí a tún lọ kí Alhaji wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdí ọpọ́n ayò la bá a. Ó ní, “Ìsọ̀ tí mo ní kò ṣe é tì fún wákàtí kan, oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wà ní títì nígbà tí mo wà lórí ìdùbúlẹ̀. Ọjà ò sì sá lọ.”

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a jèrè iṣẹ́ ọwọ́ wa, yóò sì jẹ́ kí ara le láti jẹ ẹ́. Ó dìgbà kan ná.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, lórúkọ Ìgbìmọ̀