Ìlà Tí Oòrùn Ń Fi Hàn Lára Mọ́tò

Bí mọ́tò dúdú bá wà lábẹ́ ibòòji, a máa dán bí dígí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà á bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán, a ó rí i pé ojú rẹ̀ kún fún ìlà tínínrín-tínínrín tí ó yí ká bí òwú aláǹtakùn. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ni ó máa ń bínú sí awakọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí i. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń halẹ̀ pé àwọn yóò gé owó oṣù rẹ̀.

Ní ojú tiwa, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Ní àkókò ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà a máa bo gbogbo ohun tí ó wà níta. Yanrìn kíkúnná wà nínú eruku náà, yanrìn sì le ju ọ̀dà mọ́tò lọ. Awakọ̀ tí ó jí ní kùtùkùtù, tí ó mú àkísà gbígbẹ, tí ó nu mọ́tò kí ọ̀gá rẹ̀ tó jáde, yanrìn ni ó fi ń ha á láìmọ̀. Aápọn rẹ̀ gan-an ni ó ń ba ọ̀dà jẹ́. Bákan náà ni ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀bá ọ̀nà tí ń fi kànìnkànìn kan àti omi garawa kan fọ mọ́tò mẹ́rin: ẹrẹ̀ táyà ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ha orí ìkẹrin.

Ọ̀dà mọ́tò òde òní kì í ṣe ìpele kan ṣoṣo. Lórí irin ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ wà, lórí rẹ̀ ni ọ̀dà aláwọ̀. Lórí èyí ni ọ̀dà kan tí ó mọ́ gaara bí omi, tí ń gba ìyà oòrùn àti òjò fún èyí tí ó wà lábẹ́. Nǹkan bí 40 sí 50 máíkírọ́ọ̀nù ni ìpele òkè yìí sábà máa ń nípọn, bẹ́ẹ̀ ni 1,000 máíkírọ́ọ̀nù ni ó wà nínú mìlímítà kan. Irun orí ènìyàn sábà máa ń nípọn jù ú lọ. Inú rẹ̀ ni àwọn ìlà wọ̀nyí wà. Wọn kò tilẹ̀ yí ká ní tòótọ́. Ọ̀nà gbogbo ni wọ́n gbà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó dábùú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń kọ mọ̀nà sí wa lójú, ni wọ́n fi dà bí ẹni pé wọ́n yí oòrùn ká.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ìlà kúrò ní tòótọ́ yóò ha ojú ọ̀dà tí ó yí i ká títí yóò fi bá ìsàlẹ̀ ìlà náà dọ́gba. Ohun tí a bá ha kúrò kì í padà. Bí a bá ha á jù, oòrùn yóò ráyè wọlé, àwọ̀ yóò ṣá, ìpele òkè yóò sì máa bó bí awọ ejò. Nítorí náà ni a kò ṣe fara mọ́ àṣà àwọn tí ń fi ẹ̀rọ kun mọ́tò wọn ní gbogbo ìgbà tí ọdún bá ń bọ̀.

Ẹ̀tàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Òróró tàbí ìda a máa dí ojú ìlà fún ìgbà díẹ̀. Àwọn aláìṣòótọ́ kan nínú àwọn tí ń ta tòkunbọ̀ mọ èyí dájú. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra mọ́tò ní kí wọ́n fi ọṣẹ fọ igun kan, kí ó sì wò ó nínú oòrùn kí ó tó ka owó.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a fi èékánná wọ́ ìlà náà ní ìdábùú. Bí èékánná bá kọ́ sí i, ó ti jìn ju ohun tí pọ́líìṣì lè mú kúrò láìléwu; bí irin bá sì ti yọjú, kí a tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń kun mọ́tò kí ó tó dípẹtà. Bí kò bá kọ́, ìrètí wà. Kí a fọ mọ́tò mọ́, kí a gbé e sí ibòòji títí ara rẹ̀ yóò fi tutù, kí a sì dán pọ́líìṣì tí ó rọ̀ jùlọ wò ní ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Bí èyí bá ṣiṣẹ́, kí ni a tún ń wá lọ sọ́dọ̀ èyí tí ó le? Ẹni tí ó bá ń lo ẹ̀rọ ní láti ṣọ́ra fún igun àti etí, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́, tí ẹ̀rọ sì ti ń tètè jó o. Ìda ni a fi ń parí rẹ̀. Ní ti ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń lò, ó lè dín ìlà kékeré kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín ni wọ́n ṣe é fún.

Bí a bá ṣe gbogbo èyí tán, tí awakọ̀ sì tún mú àkísà gbígbẹ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀tẹ̀ ni a fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá. Garawa méjì ni ó yẹ kí ọ̀gá rà: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún fífi omi ṣan aṣọ. Omi ni kí ó kọ́kọ́ kan eruku, kí ọwọ́ tó kàn án. Òkè ni kí a ti máa fọ̀ ọ́ wá sí ìsàlẹ̀. Kí táyà ní aṣọ tirẹ̀. Aṣọ tí ó bá sì bọ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sára mọ́tò láìfọ̀. Níbi tí omi bá ti ṣọ̀wọ́n, kí a fọ dígí iwájú àti ti ẹ̀yìn kí awakọ̀ lè ríran, kí a sì jẹ́ kí eruku yòókù wà níbẹ̀ títí omi yóò fi dé.