Omi, Àtè àti Eyín: Ìdí tí Ohun tí a Fi Dí Ihò Eyín fi Ń Jábọ́

Àwọn baba wa ní eyín funfun ni ẹ̀ṣọ́ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni ó ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ náà kì í pé títí ayé. Ihò a dá sí eyín lára, dókítà eyín a fi ohun funfun dí i. Nígbà mìíràn, kí ọdún tó yí po, ohun náà a jábọ́ sínú oúnjẹ. Òbí a ní dókítà kò mọ iṣẹ́, tàbí pé ayédèrú ni ohun tí ó lò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sábà fi ọkàn sí, èyí ni omi. Iṣẹ́ ìwàásù ni a pè wá sí, kì í ṣe ti ìṣègùn; síbẹ̀ ó tọ́ kí a ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nítorí ìgbàkígbà tí a bá tún ihò kan náà gbẹ́, díẹ̀ nínú eyín ni ó ń bá a lọ.

Ohun ìdíhò àtijọ́, aláwọ̀ fàdákà, tí mákúrì wà nínú rẹ̀, kì í lẹ̀ mọ́ eyín. Dókítà a gbẹ́ ihò náà kí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, kí ohun náà lè há síbẹ̀. Nítorí ewu mákúrì, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata ti ọdún 2013 láti dín lílò rẹ̀ kù. Rẹ́sìnì funfun ni ó ń gba ipò rẹ̀. Rẹ́sìnì ní tirẹ̀ kì í há. Lílẹ̀ ni ó ń lẹ̀. Ẹ̀dá rẹ̀ sì sún mọ́ ti epo: òun àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ẹ wo àwọn atẹ̀wé wa ní Ṣómólú. Kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé mọ́ èèpo rẹ̀, wọn a ha ẹ̀yìn náà kí ó má baà dán, kí gọ́ọ̀mù lè rí ibi wọ̀. Ní ọdún 1955, Michael Buonocore, onímọ̀ eyín ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀ sí eyín. Ó mọ̀ pé àwọn oníléeṣẹ́ a máa fi ásíìdì pa ara irin kí ọ̀dà lè dì mọ́ ọn. Ó fi fọsifọ́ríìkì ásíìdì pa òde eyín fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ó sì fọ̀ ọ́ kúrò. Ásíìdì náà dá ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Rẹ́sìnì ṣàn wọ inú wọn, ó sì le síbẹ̀ bí gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Nínú ìwọ̀n 100 òde eyín, nǹkan bí 96 ni ó jẹ́ ohun líle bí òkúta, nítorí náà gbígbẹ ni ó yẹ ẹ́. Àwọn tí ń kan ọkọ̀ ní etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ mọ èyí: a kì í kun ọ̀dà sára pákó tutù.

Nínú eyín ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Lábẹ́ òde líle yẹn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara eyín jẹ́ omi, fọ́nrán wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀. Nígbà tí ásíìdì bá ti yọ ohun líle kúrò, àwọn fọ́nrán náà a dúró nínú omi bí ewéko inú ọ̀sà. Bí dókítà bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn títí omi fi tán, wọn a wó lu ara wọn bí ewéko tí omi ti fà kúrò lábẹ́ rẹ̀, rẹ́sìnì kò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Bí omi bá pọ̀ jù, òun ni yóò gba àyè rẹ́sìnì. Àfo kéékèèké a kù síbẹ̀, ọ̀rinrin a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tú. Ní ọdún 1982, Nobuo Nakabayashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé rẹ́sìnì lè wọ àárín fọ́nrán wọ̀nyí, kí méjèèjì di ara kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, John Kanca ní Amẹ́ríkà tẹnu mọ́ ọn pé kí a fi ọ̀rinrin díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Báwo wá ni ohun tí kò fẹ́ omi ṣe ń wọ ibi tí ó tutù? Alárinà ni wọ́n fi sí i. Nínú ọ̀pọ̀ àtè náà ni èròjà kan wà tí a ń pè ní HEMA: apá rẹ̀ kan fẹ́ràn omi, apá kejì ń so mọ́ rẹ́sìnì. Wọ́n tún po ọtí tàbí acetone mọ́ ọn, tí ń kó omi jáde bí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbẹ lọ. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ pẹ̀lẹ́ sí i kí ó tó tan iná búlúù tí ń mú un le.

Nítorí náà, bí dókítà bá ki òwú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yín, tàbí tí ó na rọ́bà fẹ́lẹ́ yí eyín ká, ẹ má ṣe bínú. Bí ẹ̀kán itọ́ kan bá kàn ibi tí a ti fi ásíìdì pa, àfi kí ó tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ kọ́ ọmọ náà kí ó fi imú mí, kí ó má sọ̀rọ̀, kí ó má pa ẹnu dé. Kí ẹ̀yin náà má sì kán dókítà lójú. Bí ọmọ bá kéré tí kò lè dúró jẹ́ẹ́, ẹ bi dókítà léèrè nípa glass ionomer, tí Alan Wilson àti Brian Kent gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1972. Kò lágbára tó rẹ́sìnì, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀rinrin mọ́ra jù ú lọ, ó sì ń dì mọ́ eyín fúnra rẹ̀. Bí ohun ìdíhò bá sì jábọ́, ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù ọjà lẹ̀ ẹ́. Ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà kí ihò náà tó fẹ̀ sí i.

Kí Ọlọ́run dá ilé-ìwé wa sí, kí Ó sì jẹ́ kí gbogbo wa fi eyín ara wa jẹ oúnjẹ àjọ̀dún tí ń bọ̀.