Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ni kọ́ọ̀sì yín ń bi léèrè?

Design thinking ni ọgbọ́n ká kọ́kọ́ gbọ́ ẹnu ẹni tó máa lo nǹkan, ká tó ṣe é fún un. Ní Potsdam, Jámánì, ilé ẹ̀kọ́ Hasso Plattner ti ń kọ́ni ní i láti 2007.

Ó wá yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ́ni ní ọgbọ́n yìí kì í bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nǹkan kan, àfi lọ́jọ́ ìparí. Ta ló kù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Àwọn tí kọ́ọ̀sì bá lára mu ni. Àwọn tó sú ti pa fóònù wọn tipẹ́, àwọn gan-an ló sì yẹ ká gbọ́ ẹnu wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ṣe kọ́ọ̀sì, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn fídíò kọ̀ọ̀kan: ibo lo ti dá a dúró? “Ṣé o gbádùn rẹ̀?” kò wúlò; “bẹ́ẹ̀ ni” lásán ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Bí ọ̀pọ̀ bá há síbi kan náà, ẹ tún fídíò ibẹ̀ ṣe, kí ẹ fi han ènìyàn márùn-ún nínú wọn ná, kó tó kan gbogbo ayé.