Ọmọ ta ni? Ìwé kan láti Íńdíà lórí ìfẹ́ àti ìran

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo ka ìtàn kan tí n kò gbàgbé títí di òní. Arundhati Roy, obìnrin ará Íńdíà, ni ó kọ ọ́; ó jáde ní ọdún 1997. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé ni Le Dieu des petits riens.

Ní Íńdíà, láti ayébáyé, ìbí ni ó ń fi ipò ènìyàn hàn. Kásítì ni wọ́n ń pe ipò náà. Inú ipò tí a bí ènìyàn sí ni ó ti gbọ́dọ̀ fẹ́ aya tàbí ọkọ. Àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn yòókù kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ní aláìmọ́ ni wọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn ni Velutha, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́. Ammu, ọmọbìnrin ìdílé ọlọ́lá tí ó ń bá ṣiṣẹ́, tí ó ti kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbejì lọ́wọ́, fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ń pàdé ní òru létí odò.

Ta ni ó tú àṣírí wọn? Baba Velutha fúnra rẹ̀ ni. Ó sunkún lọ bá ìyá Ammu, ó ní òun ṣetán láti fi ọwọ́ òun pa ọmọ òun. Àwọn ọlọ́pàá lu Velutha títí ó fi kú. Wọ́n lé Ammu kúrò nílé; ó kú ní ọmọ ọdún 31. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń bá àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ wọn lò pọ̀, ẹnikẹ́ni kò bá a wí.

Kí ló dé tí baba fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ti rí ìgbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń rìn sẹ́yìn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n ń gbá ipasẹ̀ ara wọn nù kí ọlọ́lá má baà tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ kan fọ́, ìdílé Ammu ni ó san owó ojú àtọwọ́dá fún un. Ó gbà pé òun rẹlẹ̀, ó sì gbà pé òun jẹ wọ́n ní gbèsè.

Ọdún 1969 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 1950 ni ìwé òfin Íńdíà ti ka irú ìyàsọ́tọ̀ yìí léèwọ̀. Ambedkar, olórí ìgbìmọ̀ tí ó kọ òfin náà, wá láti inú àwọn tí a kì í fọwọ́ kàn. Ní ọdún 1936 ni ó ti kọ ọ́ pé oògùn kásítì ni kí ọmọ ipò kan máa fẹ́ ọmọ ipò mìíràn.

Mo pa ìwé náà dé, mo ní, “Àwọn ará Íńdíà mà le o!” Ìsinmi dé, mo padà sílé. Mo bá ìdílé kan ní àdúgbò wa tí wọ́n kọ ọkùnrin oníwà rere kan fún ọmọ wọn, nítorí wọ́n ní ẹrú ni baba ńlá rẹ̀. Gbogbo wa gbọ́, mo gbọ́, n kò sọ̀rọ̀.

Kò burú kí a béèrè pé, “Ọmọ ta ni?” kí a tó fọmọ fọ́kọ. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá dá wa lóhùn, kí ni a ó fi ìdáhùn náà ṣe?