Bí omi bá wọ ọkọ̀ yín: ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì àti ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì

Ẹ̀yin ará wa ní Òjòwò àti gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀yin ti Àgọ́-Ìwòyè, àti ẹ̀yin tí ẹ wá láti etí omi ní Àbígí, Ìwópin àti Mákun-Omi, ọ̀rọ̀ ilé, oògùn àti oúnjẹ là ń sọ ṣáá láti ìgbà tí omi ti dé. Ṣùgbọ́n ní ìdí tábìlì wa, ìbéèrè kan ń padà wá lójoojúmọ́: “Omi wọ ọkọ̀ mi. Ṣé ìnṣọ́ránsì á san án? Ta ni kí n gbé e fún kó bá mi tún un ṣe?” A mọ̀ pé ọkọ̀ náà ló ń bọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ nínú yín. A sì mọ̀ pé àwọn ìdílé kan wà tí bọ́ọ̀sì ti di yàrá fún. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn èèyàn máa ń ra ọkọ̀ tí wọ́n ti kan bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná sínú rẹ̀. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀ranyàn ló sọ dánfó di ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn nínú ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì tàbí jẹnẹrétọ̀ sítòsí nígbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Èéfín rẹ̀ kì í rùn débi tí yóò jí èèyàn lójú oorun, ó sì ń pani. Ẹ tú kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù tó ti mu omi kúrò kí àwọn ọmọ tó sùn níbẹ̀.

Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́

Kí ẹ tó ronú ìnṣọ́ránsì rárá, èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ọkọ̀ tí omi ti wọ̀, ẹ má ṣe sítáàtì rẹ̀, ì báà jẹ́ láti kàn gbọ́ ohùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì máa ń fún pọ̀ nínú sìlíńdà. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí omi bá ti wà níbẹ̀ tí písítìnì sì gòkè, ńṣe ló dà bí ẹni tó fi orí gbá ògiri: kọ́n-ròòdù á tẹ̀, ó tilẹ̀ lè ya bọ́lọ́ọ̀kù. Ẹ́ńjìnnì tí à bá fọ̀ kó padà sẹ́nu iṣẹ́ á wá di èyí tí a ní láti pààrọ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní Ìbàdàn ni mo wà nígbà àgbàrá 26 August 2011. Omi kò ju ìjókòó bọ́ọ̀sì mi lọ. Nígbà tó fà, mo ní kí n dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dún gbàù, ó dákẹ́. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni mo fi ra ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bí mo bá tilẹ̀ ní ìnṣọ́ránsì tó péye, ilé iṣẹ́ náà ì bá ti sọ pé kì í ṣe omi ló ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ọwọ́ ara mi ni. Wọn ò bá sì jàre.

Nítorí náà, ẹ yọ orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì kí afẹ́fẹ́ wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ náà kúrò, ẹ tì í tàbí kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn fà á.

Ẹ má tíì fọ̀ ọ́ o! Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò. Fóònù ọmọ ilé tó. Ẹ ya ọkọ̀ náà níwá, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn. Ẹ ya ìlà ẹrẹ̀ tó fi ibi tí omi gùn dé hàn. Ìlà yẹn ni ẹlẹ́rìí yín tó lágbára jù, ìgbà tí ẹ bá sì ti fi omi fọ ọkọ̀, ẹlẹ́rìí ti lọ. Ẹ ya inú ọkọ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù, nọ́ńbà ṣásíìsì, àti ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Ẹ fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán lórí WhatsApp, kí wọ́n má bàa bá fóònù sọnù.

Irú ìnṣọ́ránsì wo lẹ ní?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dun èèyàn. Ìwé ìnṣọ́ránsì tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ní ni èyí tí òfin fi dandan mú wa gbà kí ọlọ́pàá má bàa dá wa dúró, tí à ń pè ní “third party”. Láti 1 January 2023, ₦15,000 ni àjọ NAICOM, tó ń bójú tó iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, fi lé e lórí fún ọkọ̀ àdáni (₦5,000 ni tẹ́lẹ̀), ₦5,000 fún kẹ̀kẹ́ Márúwá, ₦3,000 fún ọ̀kadà. Ẹlòmíràn tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe, tàbí tí ẹ bá ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́, ni ìnṣọ́ránsì yìí wà fún. Fún ọkọ̀ àdáni, ó lè san tó ₦3,000,000 lórí ohun ìní ẹni ẹlẹ́ni. Kò ní san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ tiyín tí omi wọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun á “bá yín rìn ín” kí wọ́n lè san án. Irọ́ ni.

Èyí tó lè san owó ọkọ̀ tiyín ni “comprehensive”. Owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, ìyẹn ₦200,000 lọ́dún lórí ọkọ̀ ₦4,000,000, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ gba owó lọ́wọ́ báǹkì tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti ra ọkọ̀, ẹ lọ wo ìwé yín dáadáa. Àwọn ayánilówó sábà máa ń fi owó “comprehensive” kún gbèsè náà, tí ẹni tó ń san án kò sì mọ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo “comprehensive” ló gba ọ̀rọ̀ omíyalé. Nínú ìwé àdéhùn àwọn kan, àfikún ni omíyalé jẹ́, ẹni tó bá san owó rẹ̀ nìkan ló wà fún. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà “flood” nínú ìwé yín, ní ojú ewé àkọ́kọ́ àti ní ibi tí wọ́n to àwọn ohun tí wọn kò ní san sí. Bí ẹ kò bá lè ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ẹ gbé e wá sí tábìlì wa, a ó jọ kà á.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bákan náà bóyá ìwé náà jẹ́ ojúlówó. Ìwé tí a rà lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń ta pátíkúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ìwé-àṣẹ lè jẹ́ bébà lásán. Ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní ibi ìkójọ orúkọ kan tí wọ́n ń pè ní NIID, askniid.org ni àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín síbẹ̀. Ohun mìíràn: òfin wa kò gba ìnṣọ́ránsì àwìn. Bí ẹ kò bá tíì san owó ọdún yìí kí omi tó dé, kò sí ààbò, bó ti wù kí aṣojú wọn ṣèlérí tó.

Bí ẹ ṣe máa béèrè owó yín

Bí ìwé yín bá gba omíyalé, ẹ pè wọ́n lónìí. Lẹ́yìn ìpè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nípa lẹ́tà tàbí ímeèlì: ọjọ́ tí omi dé, ibi tí ọkọ̀ wà, ibi tí omi gùn dé, àti ohun tí ẹ ti ṣe láti ìgbà náà. Ẹ so fọ́tò mọ́ ọn. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ kọ pé ẹ kò mọ̀. Àbá tó yàtọ̀ sí òtítọ́ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Wọ́n á rán ẹnì kan wá yẹ ọkọ̀ wò. Kí ó tó dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì. Ẹ lè gbé ọkọ̀ kúrò nínú omi, ẹ lè yọ bátìrì, ẹ lè sá ìjókòó sóòrùn. Wọn kò ní bá yín wí fún ìyẹn, kódà ojúṣe yín ni. Bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́ tí ẹni náà kò yọjú, ẹ kọ̀wé pé ìpẹtà ń wọ̀ ọ́, kí wọ́n fún yín láṣẹ láti ṣí i. Kí àṣẹ náà jẹ́ ti orí ìwé.

Wọ́n á tún béèrè iye tí mẹkáníìkì dá lé àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa kò ní ìwé tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ó ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé, kí iye páàtì sì dá yàtọ̀ sí owó iṣẹ́.

Bí wọ́n bá wá dá owó, ẹ má yà á lẹ́nu bó bá dín sí ohun tí ẹ retí. Iye kan wà tí ìwé àdéhùn ní kí ẹ̀yin fúnra yín gbé. Ká ní àtúnṣe jẹ́ ₦600,000, tí iye tiyín sì jẹ́ ₦50,000, ₦550,000 ni wọ́n á san. Bí wọ́n bá sì sọ pé ọkọ̀ náà kò ṣeé tún ṣe mọ́, iye tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tà lọ́jà kí omi tó dé ni wọ́n á wò, kì í ṣe iye tí ẹ rà á. Òkú ọkọ̀ á di tiwọn lẹ́yìn ìyẹn, àfi bí ẹ bá jọ ṣàdéhùn mìíràn.

Ìwé ìkẹyìn tí wọ́n á gbé wá fún ìbuwọ́lù ń sọ pé ẹ ti gba owó tán, ẹ kò sì ní béèrè kankan mọ́. Ẹ má buwọ́ lù ú lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì yín wò, bóyá wọ́n gbàgbé gíábọ́ọ̀sì tàbí wáyà iná.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti san, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìdí náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí tí wọn kò dáhùn, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí NAICOM ní Àbújá, kí ẹ fi ẹ̀dà gbogbo ìwé kún un. Kò dìgbà tí ẹ bá gba lọ́yà.

Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń sanwó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún olówó ọkọ̀, ẹ̀yin ni àyà mi ń já fún jù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìnṣọ́ránsì ni wọ́n máa san owó fún, ó sì lè jẹ́ olówó ọkọ̀, nígbà tó ṣe pé ẹ̀yin ti san ju ìlàjì lọ. Ẹ pè é kí ẹ jọ jókòó nísinsìnyí, kí owó tó dé, níwájú alága gáréèjì tàbí àgbà kan. Ẹ kọ iye tí ẹ ti san sílẹ̀, ẹ kọ bí ẹ ṣe máa pín ohun tó bá wọlé, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí owó ọ̀sẹ̀ dúró títí ọkọ̀ á fi padà sójú ọ̀nà.

Ẹni tí omi gbé pátíkúlà tàbí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ lọ, kó lọ ṣe àfidáfíìtì ní kóòtù, kó gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kó tó lọ bá wọn ní ọ́fíìsì ìwé-àṣẹ ọkọ̀.

Ní ọgbà mẹkáníìkì

Bóyá ìnṣọ́ránsì wà tàbí kò sí, ẹ wo ìlà ẹrẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí omi kò bá kọjá ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé, ọkọ̀ náà sábà máa ń gbà. Bó bá dé ìjókòó, iṣẹ́ wà, owó sì wà níbẹ̀. Bó bá bo dáṣíbọ́ọ̀dù, wáyà, bíréènì àti gbogbo ohun tó ń lo iná ti mu omi. Lójú tèmi, bí àtúnṣe bá ju ìlàjì iye ọkọ̀ lọ, ó sàn kí ẹ tà á bó ṣe wà. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé omi wọ̀ ọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú, kì í ṣe láti ara. Mo ti rí ẹni tó fi owó kun ọ̀dà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣiṣẹ́. Kí mẹkáníìkì fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde níwájú yín: bí ọ́ìlì bá funfun bí tíì onímílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́. Kí wọ́n da ọ́ìlì náà nù, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kí omi tú jáde, kí wọ́n pààrọ̀ fílítà, kí wọ́n sì tún ọ́ìlì pààrọ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ́ìlì gíá àti ti bíréèkì, kí wọ́n sì da epo inú táńkì. Bíréèkì tó ti mu omi lè dára lónìí, kó kọ̀ lọ́la lórí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Rìwáyà ló kàn, kó ṣí gbogbo orí wáyà, kó gbẹ wọ́n, kó tó so bátìrì padà. Ẹ̀yin ti etí omi, bí omi oníyọ̀ bá kan ọkọ̀ yín, omi mímọ́ ni kí ẹ fi ṣan án kíákíá lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya fọ́tò, nítorí iyọ̀ ń jẹ irin.

Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ san owó páàtì, kí ẹ bá a lọ rà á tàbí kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ san apá kan owó iṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dún, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ẹ bá ti wà á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ gba páàtì àtijọ́ padà. Iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn báyìí, ẹni tó bá ní òun á parí rẹ̀ lọ́la, ẹ wo iye ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ìjà bá dé lórí owó tàbí páàtì tó sọnù, ẹ kọ́kọ́ lọ bá alága ẹgbẹ́ wọn, NATA, kí ẹ tó lọ sí tẹ́ṣàn.

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní ìdí tábìlì wa nítorí ọkọ̀, ẹ mú ìwé ìnṣọ́ránsì, fọ́tò, àti ìwé iye tí mẹkáníìkì dá lé e wá. A ní ẹni tó máa bá yín kọ lẹ́tà, a ò sì gba owó.