Èkúté Wo Ni Wọ́n Fi Dán An Wò? Bí Ọ̀rọ̀ Ìran Ṣe Wọ Ìwádìí Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí aláìsàn ń rà ní Banifandou, ní Niamey, ti gba ara èkúté kọjá kó tó dé ẹnu èèyàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé oògùn kan náà lè ṣiṣẹ́ lára ìran èkúté kan, kó má sì tu irun kan lára ìran mìíràn. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó fi ọkàn sí i.

Igi asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá fi ń tọ́jú wèrè bá ìtàn yìí tan. Raymond Prince, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Reserpine wà nínú gbòǹgbò rẹ̀, èròjà tí wọ́n kọ́kọ́ yọ jáde ní Switzerland ní 1952 láti ara ìbátan igi náà tó ń hù ní Íńdíà. Èkúté tó bá gba reserpine á dákẹ́ síbì kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ á wálẹ̀, ara rẹ̀ á tutù. Àwọn onímọ̀ rí i pé imipramine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àkọ́kọ́ nínú irú rẹ̀, ń dènà èyí. Bẹ́ẹ̀ ni èkúté ṣe di ẹni tí a ń kọ́kọ́ bi léèrè.

Ní 1977, Roger Porsolt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé gbé àyẹ̀wò tó rọrùn ju ìyẹn lọ jáde. Wọ́n á ju èkúté sínú ìkòkò gíláàsì tí omi wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Á lúwẹ̀ẹ́, á wá ọ̀nà àbáyọ, nígbà tó bá yá á léfòó láìmira. Wọ́n á ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dúró bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti gba oògùn sábà máa ń jà pẹ́ ju èyí tí kò gbà lọ.

Èkúté inú láàbù kì í ṣe irú èyí tó ń sá kiri nínú ilé wa. Ní 1909 ni Clarence Cook Little ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi akọ gun abo tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, láti ìran dé ìran, títí gbogbo wọn fi dọ́gba bí ìbejì olójú kan. DBA ni wọ́n pe ìran àkọ́kọ́ yìí. Ìran mìíràn, C57BL, dé ní 1921, láti ara èkúté tí Abbie Lathrop ń sìn tà ní Granby, ní Amẹ́ríkà kan náà.

Ní 2001, Irwin Lucki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia fi ìran èkúté 11 sínú omi, wọ́n fún wọn ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, fluoxetine tàbí desipramine. Ìran kan dáhùn sí oògùn méjèèjì, òmíràn dáhùn sí ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi ìran kan péré ṣèwádìí lè ju oògùn tó dára nù.

Ìdí kan hàn ní 2004: àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Duke rí i pé lẹ́tà kan ṣoṣo nínú jíìnì Tph2 yàtọ̀ láàárín C57BL/6, ẹ̀ka kan lára C57BL, àti ìran mìíràn tó ń jẹ́ BALB/c. Jíìnì yìí ló ń darí bí ọpọlọ ṣe ń ṣe èròjà serotonin, ti BALB/c àti DBA/2, ẹ̀ka kan lára DBA, kò sì lágbára tó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ìwádìí kan ní Milan, citalopram, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ serotonin, ran C57BL/6 lọ́wọ́, kò ran àwọn méjì yìí lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní tryptophan, tí ara fi ń ṣe serotonin, oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Dídúró nínú omi kì í ṣe ìbànújẹ́ èèyàn, jíìnì kan kò sì lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, citalopram yìí kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn aláìsàn nínú ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006: nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà pátápátá.

Nítorí náà, bí oògùn àkọ́kọ́ kò bá ran ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀lẹ ni, ẹ má sì sọ pé ayé ló dì í mú. Kó padà lọ bá dókítà, kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Ó sì yẹ kí àwọn ìjọba wa, láti Niamey dé Ìbàdàn, náwó sí ìwádìí tí a fi ara àwọn èèyàn tiwa ṣe, torí ìwádìí tó fo ìran kan dá kò lè sọ ohun tí yóò wo ìran náà sàn.