Aláàárù Méjì ní Ẹnu Èbúté Owendo

Kò sí ẹni tí ó ti jókòó sí ilé-ìwé rí tí ojú rẹ̀ kò rí màbo lọ́wọ́ ìṣirò yìí: ẹnì kan lè fi wákàtí 3 ṣe iṣẹ́ kan tán, ẹlòmíràn a sì máa fi wákàtí 6 ṣe irú rẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá jùmọ̀ ṣe é, wákàtí mélòó ni yóò gbà wọ́n? Ọ̀pọ̀ ọmọdé, àti àgbàlagbà pẹ̀lú, ni yóò ro 3 mọ́ 6, tí wọn yóò pín in sí méjì, tí wọn yóò sì fi ìdùnnú kọ 4½ sílẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ tún un wò. Ẹni tí ó lè dá iṣẹ́ ṣe ní wákàtí 3, tí a wá fún ní olùrànlọ́wọ́, kí ni yóò sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ti wákàtí 4½? Àfi bí olùrànlọ́wọ́ náà bá gun orí ẹrù jókòó!

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn náà lọ sí Owendo. Èbúté ni ibẹ̀, ní ìhà gúúsù Libreville, olú-ìlú Gabon. Níbẹ̀ ni ojú irin tí ó ti Franceville wá parí sí, ojú irin tí ó gùn ju kìlómítà 640 lọ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1974, tí kò sì dé Franceville títí di ọdún 1986. Òun ni ó ń kó igi gẹdú àti mángánísì ti Moanda wá sí etí omi. Níbi tí ẹrù bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìṣirò ilé-ìwé a di ọ̀ràn owó oúnjẹ, àwọn ènìyàn wa láti Benin àti Nàìjíríà kò sì ṣàìsí níbẹ̀.

Ká ní lọ́rì sìmẹ́ǹtì kan dúró ní ẹnu ọ̀nà èbúté, tí aláàárù méjì sì gbà á láti já ẹrù rẹ̀ ní owó sẹ́fà 9,000. Àbúrò, ọ̀dọ́mọkùnrin, lè dá a já ní wákàtí 3. Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ru àpò fún ọgbọ̀n ọdún, yóò lo wákàtí 6. A kò gbọdọ̀ ro wákàtí wọn pọ̀. Iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe ní wákàtí kan ni a ó rò pọ̀. Ní wákàtí kan, Àbúrò ti já ìdámẹ́ta ẹrù, Ẹ̀gbọ́n ti já ìdámẹ́fà. Ìdámẹ́ta kan kò yàtọ̀ sí ìdámẹ́fà méjì. Fi ti Ẹ̀gbọ́n kún un, ó di mẹ́ta nínú mẹ́fà, èyíinì ni ìdajì. Bí ìdajì bá tán ní wákàtí kan, lọ́rì ṣófo ní wákàtí 2. Ìwé ìṣirò àtijọ́ kan ní Ṣáínà, tí Liu Hui ṣe àlàyé rẹ̀ ní ọdún 263, gba ọ̀nà kan náà: omi ojú ọ̀nà márùn-ún ni ó jùmọ̀ ń kún adágún kan níbẹ̀.

Ọ̀ràn kò tíì di wàhálà. Ká ní Ẹ̀gbọ́n pẹ́ dé ní wákàtí kan ńkọ́? Nígbà tí ó fi dé, Àbúrò ti já ìdámẹ́ta. Ó ku ìdá méjì nínú mẹ́ta, èyí tí àwọn méjèèjì yóò fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20 parí. Agbaṣẹ́ṣe san 9,000, ó bá tirẹ̀ lọ. Báwo ni kí wọ́n pín in?

Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n pín in sí ọgbọọgba, 4,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ gbà. Ẹnì kan tí ó dúró nítòsí ní kí wọ́n fi wákàtí pín in: ìṣẹ́jú 140 ni Àbúrò lò, 80 ni Ẹ̀gbọ́n lò; Àbúrò yóò gba ohun tí ó lé díẹ̀ ní 5,700. Àbúrò dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí a ka àpò.” Bí wọ́n bá ka àpò, ìdá méje nínú mẹ́sàn-án ni Àbúrò rù: 7,000 ni tirẹ̀, 2,000 ni ti Ẹ̀gbọ́n.

Ìṣirò kò lè ṣe adájọ́ láàárín wọn. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó fi hàn pé, bí wọ́n bá pín in sí ọgbọọgba, 2,500 ni Àbúrò fi bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ní tiwa, a kò rí ibi nínú irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí ó ń san án bá mọ̀ pé òun ń san án. Èyí tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ ni kí a má sọ ọ́ kí àpò kìíní tó kúrò lórí lọ́rì. Àwọn baba wa tí ń dá àáró mọ̀ pé apá kò dọ́gba. Síbẹ̀ ọjọ́ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ebè. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ẹni ni a sábà máa ń bá dá àáró, nítorí náà ìyàtọ̀ kì í pọ̀ jù. Bí ó bá sì wà, oko gbogbo wọn ni ó kàn yípo.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ pàápàá máa ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni a ń rò pọ̀. Ká ní ọkọ̀ ojú irin ń kó mángánísì tọ́ọ̀nù 300 wá sí Owendo ní wákàtí kan, tí ẹ̀rọ etí omi sì lè kó 500 sínú ọkọ̀ òkun. Ọkọ̀ òkun kò ní rí 800 gbà, kò tilẹ̀ ní rí 500; 300 ni. Ọ̀kan ń tẹ̀lé ẹ̀yìn èkejì ni, ẹni tí ó lọ́ra jù ni ó sì ń pàṣẹ. Ẹni tí ó bá lọ ra ẹ̀rọ mìíràn sí etí omi, ó fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ojú irin Gabon yìí sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo: bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀, èkejì ní láti yà sí ibùdókọ̀ kí ó dúró.

Apá ènìyàn pàápàá kì í rò pọ̀ bí ti inú ìwé. Ní 1913, Ringelmann, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ọmọ Faransé, tẹ ìwé jáde lórí àwọn ọkùnrin tí ó fa okùn fún un. Nígbà tí ènìyàn mẹ́jọ jùmọ̀ fà á, agbára wọn kò ju nǹkan bí ti mẹ́rin lọ. Wọn kì í fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹlòmíràn a sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹ̀yìn lọ́rì tiwa yìí, ká ní ènìyàn méjì péré ni ó gbà. Bí Ẹ̀gbọ́n bá pe ọmọ rẹ̀ kún un kí iṣẹ́ lè yá, ọmọ náà yóò dúró nílẹ̀ títí àyè yóò fi ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń pín 9,000, òun náà yóò na ọwọ́.